Owó tàbí ọdún: ohun tí fásitì ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Òṣogbo

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde àdéhùn tuntun tó bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2026, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ẹnu àwọn òbí tó ní ọmọ tó ń dúró de JAMB ní Òṣogbo: bí ọmọ wa bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ṣé á jáde nígbà tó yẹ kó jáde? Ìdá 40 nínú 100 ni wọ́n fi lé owó oṣù àwọn olùkọ́ nínú àdéhùn ọ̀hún. Ìròyìn tó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ọdún 2009 mọ̀ pé a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, àti pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tó wà nínú ìwé di ṣíṣe.

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti jáde kò bá ohun tí àwọn aláṣẹ ń sọ mu, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Àwọn aláṣẹ máa ń sọ pé kò sí owó ìkọ́ni ní fásitì ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí fásitì ìjọba tí ọmọ wọ̀ tí kò san nǹkan kan. Ẹni tí kò bá fi owó san án, ọdún ayé rẹ̀ ni yóò fi san án. Ìdílé tó jókòó yan fásitì fún ọmọ ní Òṣogbo, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, èyí tí wọ́n máa san nínú méjèèjì ni wọ́n ń yàn.

Ẹ wo àwọn fásitì tó wà níwájú ọmọ náà. Èyí tó wà nínú ìlú gan-an ni UNIOSUN, fásitì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí olú ọgbà rẹ̀ wà ní Òkè Baálẹ̀. Ìjọba Gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní 2007. Ọgbà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí káàkiri ìpínlẹ̀, kí agbègbè kan má baà sọ pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ òfin lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí Èjìgbò, ti èdè àti àṣà lọ sí Ìkirè, ti ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ lọ sí Òkukù, ti iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣègùn ló dúró sí Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ òbí ni ọ̀rọ̀ ọgbà yìí máa ń yà lẹ́nu. Ìyá kan á ti máa dunnú pé ilé òun ni ọmọ òun á ti máa lọ síléèwé, pé oúnjẹ ilé ló máa jẹ, àfi ìgbà tí ìwé ìgbàwọlé dé tí wọ́n kọ Òkukù tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó sí i. Owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ di títún kà.

OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Láti ọdún 1962 ló ti ń kọ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó kàwé ní Òṣogbo ti jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ọmọ tiwọn náà lọ. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, UI wà ní Ìbàdàn, UNILORIN wà ní Ìlọrin. Fásitì Iléṣà náà ti dìde látara iléèwé olùkọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, Fountain wà nínú Òṣogbo, Redeemer's àti Adeleke sì wà ní Ẹdẹ. Fásitì aládàáni ni àwọn mẹ́ta yìí, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè lọ síbẹ̀ ni mo ń sọ.

Ọdún tó ń sọnù

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Lọ́dún 2013, ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje títí di ọjọ́ 17 oṣù kejìlá. Lọ́dún 2017, ó lé ní oṣù kan. Láti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2018 títí wọ oṣù kejì ọdún 2019, oṣù mẹ́ta. Lọ́dún 2020, oṣù mẹ́sàn-án, àrùn kòrónà sì bá a níbẹ̀. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó wọ fásitì ìjọba àpapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún, ti fi 20 oṣù jókòó sílé kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ọmọ náà kò feèlì, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé owó oṣù nìkan ni ìjà náà dá lé. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Ọlàìyá, ohun tó máa sọ nìyẹn, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ àti ASUU ṣe lọ́dún 2009. Owó oṣù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba máa fi tún fásitì ṣe wà níbẹ̀, àjẹmọ́nú wà níbẹ̀, òmìnira fásitì láti ṣàkóso ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n tún un wò. Ọdún mẹ́ta pé, wọn ò tún nǹkan kan wò. Ìdí nìyẹn tí ìyanṣẹ́lódì 2013 fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó parí rẹ̀ ni ìlérí pé ìjọba yóò ná ₦1.3 tírílíọ̀nù láàárín ọdún mẹ́fà sórí àtúnṣe àwọn fásitì: ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, yàrá ìwádìí, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ti ọdún àkọ́kọ́, ₦200 bílíọ̀nù, jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni owó ń kán.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ Wale Babalakin, ìgbìmọ̀ Munzali Jibril, ìgbìmọ̀ Nimi Briggs, ìgbìmọ̀ Yayale Ahmed. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣe àdéhùn 2009 ti tó JAMB ṣe kí wọ́n tó rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín kan náà ni ọ̀rọ̀ IPPIS tún dé, ìlànà tí ìjọba fi ń san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ láti Abuja. Àwọn olùkọ́ ní kò bá iṣẹ́ fásitì mu, pé ó ń gé owó àwọn sí wẹ́wẹ́. Ìjọba ní àfi dandan. Oṣù kejìlá ọdún 2023 ni ìjọba tó gbà láti yọ àwọn fásitì kúrò nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ nípa 2022. Nígbà tí àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ìjọba kò san owó oṣù tí wọn ò fi ṣiṣẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu tó pàṣẹ pé kí wọ́n san mẹ́rin nínú oṣù mẹ́jọ. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tí kò gba owó fún oṣù mélòó kan, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà níléèwé, tí wọ́n ní kó wá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ohun tó yẹ kó fi oṣù mẹ́rin kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn tó kù ń kọ́ kíláàsì tó kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ bá sọ pé lẹ́kítọ̀ òun kò mọ orúkọ òun láti ọdún kìíní títí dé ọdún ìkẹyìn, kò parọ́, olùkọ́ náà kò sì burú. Èèyàn kan ṣoṣo ni.

Bí wọ́n bá wọlé padà, wọ́n á wá fún sáà ẹ̀kọ́ pọ̀. Èyí ni apá tí àwọn tó ti jáde máa ń sọ jù lọ. Ìdánwò á tẹ̀ lé ìdánwò, ìsinmi á di ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ yàrá ìwádìí tó yẹ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe á di ohun tó kà nínú handout. Ọmọ á gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n á jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n lè ní kí òun wá ṣe ohun tí wọ́n ní òun ti kọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í hàn lójú nígbà ayẹyẹ ìgboyè. Ó ń hàn nígbà tí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Nílé, ní àwọn oṣù tí wọ́n fi jókòó yẹn, ìbéèrè àwọn àlejò kò ní jẹ́ kó gbádùn. "Ẹ ò tíì parí níbẹ̀ yẹn ni?" Màmá ilé kejì á bi í láàárọ̀, alájọ á bi í lọ́sàn-án. Wọn ò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n ó ń dun ọmọ. Àwọn kan lára wọn sọ oṣù yẹn di èrè: wọ́n kọ́ aṣọ rírán, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tún fóònù ṣe, wọ́n kọ́ mékọ́ọ̀pù, wọ́n gba ẹ̀rọ POS. Ìlú aró ni Òṣogbo, àwọn kan lọ kọ́ àdìrẹ, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Inú mi dùn sí àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò padà mọ́. Ọmọkùnrin tó ti ń rí owó nídìí yahoo kò ní fẹ́ lọ jókòó ti ìwé, ọmọbìnrin tó ti lóyún á ní kí òun bímọ ná. Kò sí ẹni tó ń ka àwọn wọ̀nyí. Orúkọ wọn á kàn pòórá nínú ìwé kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì máa bá tiwọn lọ.

Owó tó ń jáde

UNIOSUN kò bá ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022. Òun nìkan kọ́, LASU, fásitì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, náà kò bá wọn lọ. Nígbà tí OAU àti UI ti ilẹ̀kùn, ọmọ Òkè Baálẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Ọ̀pọ̀ òbí ni ọdún yẹn là lójú: ọmọ méjì inú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lọ Ifẹ̀, àbúrò lọ UNIOSUN, àbúrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Irú ìdí yìí ló mú kí UNILORIN wu àwọn èèyàn wa fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 2001, nígbà tí wọ́n lé àwọn olùkọ́ 49 níbẹ̀, UNILORIN fi nǹkan bí ogún ọdún yẹra fún ìyanṣẹ́lódì ASUU. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn olùkọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2009. Nígbà tó fi máa di 2022, UNILORIN náà ti wà nínú ìyanṣẹ́lódì, ibi ìsádi yẹn sì parí.

Ṣùgbọ́n owó UNIOSUN kò rí bíi ti Ifẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Fásitì ìpínlẹ̀ kò ní àpò Abuja lẹ́yìn. Owó ìrànwọ́ tí gómìnà bá fún un àti owó tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san ló fi ń gbé ara rẹ̀. Bí gómìnà bá dínwó rẹ̀, àpò òbí ló máa fi dí i. Ọ̀rọ̀ yìí sì jinlẹ̀ ní Ọ̀ṣun ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí ohun tí a fojú rí láti 2015. Ní oṣù keje ọdún yẹn, lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ìlàjì owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ipò gíga, àwọn tó wà láàárín sì ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọdún 2018 ni ìyẹn tó dáwọ́ dúró. Àwọn tó wà ní ipò wọ̀nyí ni òbí tó ní ọmọ ní fásitì: tíṣà àgbà, nọ́ọ̀sì àgbà, akọ̀wé ní Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Owó oṣù pín sí méjì, owó iléèwé kò pín. Mo mọ àwọn ìdílé tí ọmọ ti kúrò níléèwé fún ọdún kan nítorí rẹ̀, mo mọ àwọn tó ta ilẹ̀. Títí di ìjọba Adélékè ni wọ́n ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san ní 2024 kò lè padà lọ san owó ìdánwò 2016.

LAUTECH ni ibi tí ọmọ ti san méjèèjì pọ̀, owó àti ọdún. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ di onílé. Ọmọ tó ní bàbá méjì kò yẹ kó fi ebi sùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀ṣun ń wo Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ ń wo Ọ̀ṣun, owó ìrànwọ́ kò wá, àwọn olùkọ́ kò gba owó oṣù. Ní 2016 àti 2017, ilẹ̀kùn fásitì náà wà ní títì fún oṣù lórí oṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de dé Ìbàdàn, wọ́n wọ́de dé Òṣogbo, wọ́n gbé pátákó dání. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pín: Ọ̀yọ́ gba fásitì, Ọ̀ṣun gba ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Òṣogbo, èyí tó di ti UNIOSUN. Ìpínyà náà ṣe fásitì náà láǹfààní. Ohun tó kọjá lórí àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò ṣeé dá padà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti wọ ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé owó pọ́ọ́kú ni Ifẹ̀ ṣì ń gbà. Ní 2023, OAU gbé owó tó ń gbà sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń kọ́ èdè tàbí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦151,200, ti sáyẹ́ǹsì ₦163,200, ti ìṣègùn àti oògùn ₦190,200. Ọdún náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní oṣù karùn-ún. Lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500, kò sì dúró síbẹ̀. Owó kòróòpù láti Gáréèjì Àtijọ́ dé Òkè Baálẹ̀ gòkè, gààrí gòkè, owó ilé gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé self-contain lẹ́bàá ọgbà mọ̀ pé owó iléèwé kì í ṣe èyí tó tóbi jù mọ́. Owó ilé, oúnjẹ, dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń gba owó lọ́wọ́ wọn jù. Àwọn kan ń ti inú ilé wọn ní Ọ̀ta-Ẹ̀fun tàbí Kélébè lọ lójoojúmọ́, wọ́n á kúrò ní ìdájí kí wọ́n lè rí àga jókòó lórí. Àwọn mìíràn á ṣà nínú kíláàsì èyí tí wọ́n máa lọ, kí owó ọkọ̀ lè dé òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yáwó tó dé

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń lò báyìí. Ti 2023 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe le jù, ó ní kí ọmọ wá onídùúró tí tálákà kò lè rí. Ti 2024 yọ ìyẹn kúrò. NELFUND ni àjọ tó ń bójú tó o. Owó iléèwé máa ń lọ tààrà sínú àpò fásitì, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà á sì máa gba ₦20,000 lóṣù. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí ìsìnrú ìlú ni ìsanpadà yóò bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ á máa yọ ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀.

Mo gbà pé ohun tó dára ni, mo sì bẹ àwọn òbí tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gbèsè kí wọ́n fara balẹ̀ kà á. Gbèsè yìí kò jọ ti àwọn tó ń gbé owó lórí fóònù tí wọ́n á máa fi àwòrán èèyàn ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni kí ẹ fi máa ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òbí ti yá owó níbòmíràn san kí owó NELFUND tó dé, wọ́n á wá máa bẹ iléèwé pé kó dá tiwọn padà. NELFUND fúnra rẹ̀ figbe ta ní 2025 pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan gba owó, wọn ò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ máa wo ohun tó wà lójú ìkànnì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má dúró de ohun tí wọ́n bá sọ ní ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí

Wọ́n ní kí ọmọ kàwé kó lè rọ́wọ́ mú. Ó kàwé, ó wá kan ìgbà tí yóò lọ sìn ìlú. Bí fásitì kò bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NYSC lásìkò, á dúró de ìsọ̀rí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde kò ní sìn. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ìwé ìsìnrú ìlú ni wọ́n ń wò, tàbí tí wọ́n á kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ẹni tó bá ti kọjá 26 kó má wulẹ̀ kọ̀wé. Ọmọ tí ìjọba fi oṣù 20 dá jókòó ni ọ́fíìsì wá ń sọ fún pé ó ti dàgbà jù. Ta ló yẹ kí wọ́n bi léèrè ọdún tó sọnù yẹn?

Láti oṣù kẹta ọdún 2025 ni àgùnbánirọ̀ ti ń gba ₦77,000 dípò ₦33,000. Bí wọ́n bá ti parí, tí wọ́n padà sí Òṣogbo, ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ sí iléèwé aládàáni láti kọ́ ọmọ, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sì máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n ń sìnlú, ó tún máa ń kéré sí ₦70,000 tí òfin sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ kàwé sí i lókè òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri nítorí transcript, ìwé tó yẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó lè gba oṣù.

Síbẹ̀, bí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n kábàámọ̀, díẹ̀ ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á sọ nípa àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé di òru lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ṣì jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́ títí di òní. Wọ́n á sọ nípa olùkọ́ kan tó fi owó ara rẹ̀ sanwó ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ lé síta. Ọmọ aláta ti di dókítà ní fásitì ìjọba, ọmọ awakọ̀ ti di agbẹjọ́rò, a mọ̀ wọ́n, ojúlé wọn kò jìnnà síra wọn. Kò sí ibòmíràn tí ọmọ tálákà Òṣogbo lè gbà dé ibẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bínú gan-an nìyẹn: ohun tó dára tó báyìí, kí wọ́n má ṣe fi ìlérí tí wọn ò mú ṣẹ bà á jẹ́.

Nípa àdéhùn 2026, ẹ máa wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bóyá owó àtúnṣe fásitì máa wà nínú ìṣúná ọdọọdún, kó sì jáde, nítorí ibẹ̀ ni ti 2013 ti dẹnu kọlẹ̀. Èkejì, bóyá àwọn gómìnà máa san iye tí Abuja gbà fún àwọn olùkọ́ fásitì ìpínlẹ̀. Bí wọn ò bá san án, àwọn fásitì ìpínlẹ̀ tí wọn kì í lọ sí ìyanṣẹ́lódì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tàbí kí wọ́n wá fi kún owó iléèwé láti rí i san. Fún àwa ará Òṣogbo, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀kẹta, bóyá wọ́n máa tún un wò nígbà tí àkókò àtúnyẹ̀wò rẹ̀ bá tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jí ìjọba kí ọ̀rọ̀ tó yá.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ fásitì sínú fọ́ọ̀mù JAMB lọ́dún yìí, kó wá èèyàn tó jáde níbẹ̀ láìpẹ́ kàn, nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ gan-an. Kó bi í ní ọdún tó wọlé àti ọdún tó gba ìwé ẹ̀rí. Kó béèrè ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, iye tí wọ́n ń gba ilé níbẹ̀, àti iye tó ń jáde lẹ́yìn owó iléèwé. Bó bá ti rí ìgbàwọlé gbà, kó rí i pé ohun tó wà lórí JAMB, NIN àti BVN rẹ̀ bá ara wọn mu, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè ẹ̀yáwó ti ń há fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ. Kó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, láti ti fọ́ọ̀mù títí dé ti ọjọ́ ìkẹyìn, nínú fáìlì kan.